Ẹ̀rọ Abẹ́ Síńkì àti Sọ́kàwéè Wa: Ta Ló Ni Èèpo Iṣu?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀, inú kànga ló sì lè parí sí. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú ò bá jẹ́ kó kàwé mọ́, kó pe ọmọ kó kà á sí i létí.

Ẹ̀rọ kan ti ń wọ ilé àwọn èèyàn wa ní Mówè àti Ìbàfò. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń fi í ránṣẹ́ sí ìyá wọn, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé tuntun lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń ní kí onípáìpù fi sí i. Abẹ́ síńkì ni wọ́n ń so ó mọ́, ó rí bíi garawa kékeré. Ẹ ó ṣí omi ẹ̀rọ, ẹ ó tẹ iná, ẹ ó wá da àjẹkù oúnjẹ sínú ihò síńkì. Ẹ ó gbọ́ tí yóò máa kùn hùù, kó tó pẹ́, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló wà nínú rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Irin pẹlẹbẹ kan ló ń yí bírí-bírí, òun ló ń fọ́n oúnjẹ mọ́ irin kan tó yí i ká títí yóò fi rún wómúwómú tí omi yóò sì gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata lọ́jà, ẹ rántí ẹ̀rọ ata yín. Àmọ́ ti èyí, ohun tó bá lọ, ẹ ò ní rí i gbà padà.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Mówè pè wá wá wo tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi í ránṣẹ́. Ó ní ọmọ náà sọ fún òun lórí fóònù pé, “Màmá, ẹ ò ní máa gbé garawa èèpo jáde mọ́. Ẹ ti dàgbà. Ẹ kàn máa dà á sí síńkì ni.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ta ni kò ní dúpẹ́? A bá a dúpẹ́ náà. Lẹ́yìn náà la bi í pé, “Ìyá wa, tí omi bá gbé e lọ tán, ibo ló ń gbé e lọ?” Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọmọrí sọ́kàwéè wà, kò jìnnà sí kànga. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹn-ẹ́n. Ọmọ mi ò bi mí nìyẹn o.”

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú. Ibi tí wọ́n ti ṣe é ni kò jọ ibi tí à ń gbé e wá.

Ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ John Hammes, ní ìlú Racine ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é lọ́dún 1927. Ọdún 1938 ló dá ilé iṣẹ́ tó ń tà á sílẹ̀, InSinkErator ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wọn, páìpù gbogbo ilé ló so pọ̀ lábẹ́ títì, ó ń kó ẹ̀gbin lọ sí ibi kan tí wọ́n ti ń tọ́jú omi náà kí wọ́n tó dà á sódò. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú New York kò gba ẹ̀rọ yìí láyè ní ibi tó pọ̀ jù nínú ìlú wọn, ẹ̀rù ohun tí yóò ṣe fún páìpù àtijọ́ wọn ló ń bà wọ́n. Ọdún 1997 ni wọ́n tó yí òfin yẹn padà. Bí New York tó ní páìpù lábẹ́ títì bá lè rò ó pẹ́ tó báyẹn, kí ni ká wá sọ nípa Mówè?

Nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, ì báà ṣe Ifọ̀, ì báà ṣe Ìbàfò, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ tirẹ̀. Kò sí páìpù ìjọba tó ń wá gba ẹ̀gbin ní ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá wọ ihò síńkì rẹ, inú ilẹ̀ rẹ náà ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí sọ́kàwéè ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wa la kàn mọ ọmọrí rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, apá méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ni tánkì tí wọ́n rẹ́ dáadáa tí kò jò. Ẹ̀gbin á wọ ibẹ̀, á dúró. Èyí tó wúwo á rì sísàlẹ̀, á di ẹrẹ̀. Ọ̀rá àti epo á léfòó sókè, á dì bí èépá. Omi àárín, tó mọ́ díẹ̀ ju ti ìyókù lọ, òun ló ń ṣàn lọ sí apá kejì, ìyẹn kòtò tí ilẹ̀ ti ń mu ún. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú ò lè rí wà nínú tánkì náà, àwọn ló ń jẹ ẹ̀gbin yẹn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ló ń bá wa ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù. Jik àti Izal tí a máa ń dà sí i ní kọ́ńgà kọ́ńgà kí ó má bàa rùn, tó bá ti pọ̀ jù, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ló ń pa.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ abẹ́ síńkì ń ṣe. Ìgbẹ́ èèyàn, oúnjẹ tí ikùn ti lọ̀ tán ni. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀fọ́, ẹ̀bà àná, ikùn kankan ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n á wọ inú tánkì ní tútù, àwọn kòkòrò yẹn ò ní lè tètè jẹ wọ́n tán. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ á máa ga sí i, ọ̀rá òkè á máa nípọn sí i, omi àárín á wá kéré. Kò ní ráàyè dúró kó tòrò mọ́, yóò máa gbé ẹrẹ̀ àti epo dání lọ sínú kòtò kejì. Ilẹ̀ tí epo bá ti bo ojú rẹ̀ ò ní mu omi mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí omi ilé ìwẹ̀ ò lọ, tí ẹ̀yìnkùlé ń rùn, tí koríko orí sọ́kàwéè tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò sí nínú ìlú ńlá náà ń lo tánkì bíi tiwa. Ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí àyíká, tí wọ́n ń pè ní EPA, ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n dín lílo ẹ̀rọ náà kù tàbí kí wọ́n má lò ó rárá, nítorí ọ̀rá àti ẹrẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n máa fa tánkì ilé ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà ní tiwọn sọ pé tí tánkì bá tóbi tó, kò sí wàhálà, wọ́n tiẹ̀ ní irú kan tó ń kán oògùn sínú omi láti ran àwọn kòkòrò yẹn lọ́wọ́. A ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ tánkì tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n sì ń fà lásìkò ni wọ́n ń sọ. Mélòó nínú wa ló ní irú ẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sọ́kàwéè ládùúgbò wa, kòtò kan ṣoṣo ni, wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí i ká, kò nísàlẹ̀, wọ́n da kọnkéré lé e lórí. Ẹlòmíì ti gbé inú ilé ní ogún ọdún, kò fà á rí, ó tún ń fi yangàn pé tòun ò kún. Kò kún ni? Ibo ló wá gbà lọ?

Inú kànga ni a ń wò o.

Àwọn tó mọ̀ nípa omi sọ pé ó kéré tán, kí ìwọ̀n mítà 30 wà láàárín ṣalánga tàbí sọ́kàwéè àti ibi tí a ti ń fa omi, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Wọ́n tún ní kí ìsàlẹ̀ kòtò náà ga ju omi inú ilẹ̀ lọ ní mítà kan àbọ̀. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Púlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa, 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà ni. Tí kànga bá wà níwájú pátápátá tí sọ́kàwéè sì wà lẹ́yìn pátápátá, ó lè bọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tó ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, 60 sí 60, láti igun dé igun kejì, kò tó ẹsẹ̀ bàtà 85. Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é tí yóò fi pé 100. Ká tún wá ní o ṣe tìrẹ dáadáa, aládùúgbò rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ lè jẹ́ ìdí kànga tìẹ gan-an. Ògiri tó wà láàárín yín, òkè ló mọ, omi ìsàlẹ̀ ò mọ ògiri.

Apá ibi tó jẹ́ àkùrọ̀ ní Ìbàfò àti Mówè ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà òjò, ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí omi tó dé, òmíràn tiẹ̀ wà tí omi ń gba inú sọ́kàwéè jáde wá sókè. Níbẹ̀, inú omi gan-an ni kòtò náà jókòó sí. Lórí ilẹ̀ pupa lápá Ifọ̀, ó lè máà hàn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú tí ò rí nǹkan kò sọ pé nǹkan ò sí níbẹ̀.

A ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n àwọn àgbà inú wa rántí ọdún 1991, nígbà tí àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Ó tún yọjú lọ́dún 2024, Èkó àti Ògùn wà lára ibi tó dé. Omi tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbé e káàkiri. Wolé-wolé ayé àwọn ìyá wa ìbá ti ṣí ọmọrí kànga wa, ìbá ti béèrè ibi tí ṣalánga wà kó tó béèrè ohunkóhun. Àwa ọlọ́jà tún ni, omi kànga yìí la fi ń rẹ ògì, òun la fi ń fọ ẹ̀fọ́, òun la ń bu fún oníbàárà mu. Àrùn tó bá ti ilé ẹnì kan nínú wa jáde, gbogbo ìsọ̀ ló máa kàn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún rèé, a ò sì ní gbójú fò ó. Tí kòtò bá kún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan wọ inú rẹ̀ láti gbẹ́ ẹ. Gáàsì tó wà níbẹ̀ ń pani láìpariwo. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ lọ yọ ọ́ náà lè kú tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ àti rọ́bà ni kí ẹ pè, kí ẹ sì béèrè ibi tó ń lọ dà á sí. A mọ èyí tó jẹ́ pé òru ló ń dà á sínú gọ́tà lójú títì, a ò ní dárúkọ. Ẹ̀gbin tí ẹ sanwó lé pé kó kúrò nílé, tó bá tún padà wá bá yín nínú omi ẹ̀fọ́, èrè wo lẹ jẹ?

Tí a bá wá yọ ti sọ́kàwéè kúrò pàápàá, ẹ̀rọ yìí ní ìnáwó tirẹ̀. Iná NEPA (ẹ jẹ́ ká ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀, ẹnu wa ti mọ́ ọn) kì í fi gbogbo ìgbà wà. Ẹ̀rọ náà ò sì ní ṣiṣẹ́ láìsí omi tó ń ṣàn lé e lórí. Láti fa omi bọ́hóòlù, ẹ ó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ ó ra epo. Ẹ ó wá fi omi tí ẹ fowó fà sókè ti èèpo iṣu padà sínú ilẹ̀. A ti ṣírò rẹ̀ títí, a ò rí èrè níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìbéèrè tí a fi ṣe àkọlé. Ta ló ni èèpo iṣu? Ẹ ò mọ̀ pé ó lólúwa? Òwò la jókòó tì, a sì mọ̀ pé ohun tó bá ti lólùrà kì í ṣe ẹ̀gbin. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Èérí ògì, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ń wá a. Ọ̀pọ̀ yín lẹ mọ obìnrin tó máa ń gbé garawa yípo ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń sọ pé, “Ìyá, ẹ bá mi ṣẹ́ èèpo jọ o.” Kì í ṣe alágbe, òwò ló ń ṣe. Ewúrẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó jẹ lọ́dún Iléyá tàbí nígbà Kérésì.

Ti èèpo ẹ̀gẹ́ ló jù. Apá Ifọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe gàrí àti fùfú mọ̀ bí èèpo ṣe ń di òkìtì tí wọ́n á dáná sun tàbí tí á jẹrà síbẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ti ILRI, tí wọ́n wà nínú ọgbà IITA, ti wá ọ̀nà tó dáa sí i. Wọ́n ń rin èèpo náà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń rin gàrí, wọ́n ń fi jáákì fún un, wọ́n ń yún un, wọ́n ń sá a. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló fi ń gbẹ, nígbà òjò ó tún ń bu. Ní ọ̀nà tiwọn, láàárín wákàtí mẹ́jọ ó ti tán. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù kan lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun èlò kankan nínú rẹ̀ tí oníyẹn gàrí ò ní. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí lè ṣe é tán lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sì má dédé kó èèpo ẹ̀gẹ́ kíkorò fún ẹran ní tútù, májèlé wà nínú rẹ̀. Rírin, fífún àti sísá ló ń jẹ́ kó lọ.

Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn náà, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba Ọ̀yọ́ àti àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Pacesetter. Ìdọ̀tí inú ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ilé ìpẹran ni wọ́n ń sọ di ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń fi sóko. Ọjà bíi tiwa ni Bódìjà. Ohun tí wọ́n rí nínú òkìtì wọn, ó wà nínú tiwa náà.

Ẹ̀yin olóúnjẹ wa, ọ̀rọ̀ yín kù, ẹ má bínú. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ kí sọ́kàwéè tó kú. Òróró tí ẹ fi dín ẹran àti àkàrà tán tí ẹ ń dà sí síńkì, òun ló ń pa á láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ gbe dúró kó tutù, ẹ dà á sínú agolo tàbí ike, kó má kan omi rárá. Ẹ fi bébà nu ìkòkò àti abọ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ ra asẹ́ kékeré fún ẹnu ihò síńkì, kò wọ́n, ọjà wa ni wọ́n ti ń tà á. Eegun ẹran, ajá ń bẹ. Ìyókù tí ẹran ò jẹ, bí èèpo ọsàn àti àlùbọ́sà, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré fún un ní apá ibi tó jìnnà sí kànga, ẹ máa da ewé gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ lé e. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan yóò di ilẹ̀dú, ẹ ó sì fi gbin ewédú àti ṣọkọ.

Ẹni tó ti so ẹ̀rọ náà mọ́ síńkì ńkọ́? A ò ní kí ẹ já a dànù, ẹ̀bùn ọmọ ni. Fún ìwọ̀nba fọ́ńfọ́ń tó bọ́ lára àwo nìkan ni kí ẹ máa lò ó. Ẹ má da èèpo sí i, ẹ má da ẹ̀bà tàbí fùfú sí i nítorí yóò wú, ẹ má da òróró sí i, ẹ má da igi ewédú tàbí háhá àgbàdo sí i nítorí òwú wọn yóò wé mọ́ irin. Kí ẹ sì pe onísọ́kàwéè kó wá wò ó lọ́dọọdún. Ẹ bi í bóyá tánkì yín nísàlẹ̀. Ìyá wa ti Mówè ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ọmọ pé ẹ̀rọ náà dáa o, pé àwọn ń lò ó, àmọ́ tó bá tún fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, kó fi owó ránṣẹ́ kí àwọn fi rẹ́ ìsàlẹ̀ sọ́kàwéè.

Ọ̀rọ̀ kíkó èèpo kúrò lọ́jà, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń sin ẹran sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí a ya èèpo iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àpò, kí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù má sí níbẹ̀ rárá, nítorí ó ń há ewúrẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ohun tó kù ni iye tí kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò máa gbà láti kó o, àti bóyá àwọn ni yóò san án tàbí àwa. Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ka iye garawa èèpo tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí a lè mọ ohun tí a ní lọ́wọ́ kí a tó bá wọn ná an.